Kwai Méjì Láti Ẹsẹ̀ Odò

"Báwo ni kwai kan ṣe gùn tó?"

Bah Lumlang, baálẹ̀ wa, ló béèrè bẹ́ẹ̀ níwájú àpérò ìlú, ó sì dúró kí á dá òun lóhùn. Àwa ọkùnrin bí ọgọ́ta la jókòó sórí òkúta yí pápá ká. Gbogbo ẹnu ló ń rún kwai, èso líle tí à ń ká sínú ewé jẹ bí obì, gbogbo ètè ló pupa, àmọ́ kò sí ẹnu kan nínú ọgọ́ta tó fèsì. Ẹnìkan wúkọ́. Ẹlòmíràn gbójú sókè bí ẹni pé òjò ló máa bá a dáhùn.

Ìbéèrè náà kò le. Ohun tó dí wa lẹ́nu ni pé olúkúlùkù ti gbà pé òun mọ̀ ọ́n láti ìgbà ọmú. Bí àlejò bá béèrè bí abúlé kejì ṣe jìnnà tó, "kwai kan" la ó sọ, tàbí "kwai mẹ́ta, bí ẹsẹ̀ yín bá yá." Èèyàn á la èso kwai, á fi ẹfun ra ewé, á ká gbogbo rẹ̀ sẹ́nu, á máa lọ. Bó bá fi máa tán lẹ́nu rẹ̀, ó ti rin kwai kan. Ta ló tún ń wọn ẹnu?

Ọ̀ràn ilẹ̀ ló dé tí a fi ń wọn ẹnu. Ìyá ìyá mi, Kong Silbon, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kong Drimsi, ló pín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lápá ọ̀tún ọ̀nà àtẹ̀gùn, ìyẹn ọ̀nà olókùúta tó ti etí odò gun òkè wá sí Mawlyngkhoi, abúlé wa. Wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n kàn sọ ọ́ sétí àwọn àgbà pé: "Láti ẹsẹ̀ odò, kwai méjì sókè. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ti Silbon, òkè rẹ̀ ni ti Drimsi." Ìdílé méjèèjì ló mọ gbólóhùn yìí lórí, kò sì sẹ́ni tó jiyàn ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Àwọn ìyá náà jẹ́ kí ìtàkùn ewé kwai gun àwọn igi wọn, wọ́n jọ ń ká ewé fún ogójì ọdún, wọn ò sì wá ààlà, torí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé oko ló ń ká ti èkejì mọ́ tirẹ̀. Ọdún tó kọjá ni àwọn méjèèjì lọ jẹ kwai lẹ́nu ọ̀nà Ọlọ́run. Ikú wọn ò ju oṣù méjì síra.

Eérú iná tí a fi sun òkú wọn ò tíì tutù tán tí Bah Shanbor, ọmọ Kong Drimsi, fi ri ọgbà ọparun sí ẹ̀gbẹ́ òkè, tó ní ibẹ̀ ni kwai kejì ti parí. Ọgbà náà wà nísàlẹ̀ ìsun omi wa. Bí ọgbà yẹn bá dúró, ìsun omi ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìsun omi yẹn sì ni ẹ̀mí oko wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń fi ọparun tí a là sí méjì fa omi rẹ̀ láti igi dé igi, á máa kán tó, tó, tó, sí ìdí ìtàkùn kọ̀ọ̀kan. Bah Shanbor ti ṣán ilẹ̀ tuntun sí òdìkejì àfonífojì, ibẹ̀ ló fẹ́ darí omi náà sí. Bí omi bá fi ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo kọ ẹ̀yìn sí wa, ewé á pọ́n, á rẹ̀ dànù, ohun tí ìyá ìyá mi fi ogójì ọdún gbìn á di igi ìdáná.

"Bí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn," ni Bah Lumlang wí, "ọgbà tó ti dúró sàn ju ìbéèrè tí kò dúró lọ. Màá fi ààlà síbi tí Shanbor fi í sí."

Mo dìde. Oko náà kì í ṣe tèmi o. Ti Daplin àbúrò mi ni, torí òun ni àbíkẹ́yìn obìnrin, òun ló jogún ilé àti oko. Èmi kò ní igi kan ṣoṣo níbẹ̀. Àmọ́ obìnrin kì í sọ̀rọ̀ ní àpérò wa. Arákùnrin rẹ̀ ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Bah Shanbor náà, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ fún.

"Ẹ fún mi di ọjọ́ ọjà odò tó ń bọ̀," ni mo wí. Ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ la ń ná ọjà yẹn. "Màá dáhùn."

Bah Shanbor pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ọmọ yunifásítì! Ó fẹ́ fi rúlà wọn eyín wa!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bah Shanbor, ẹ yánu, kí n ti orí tiyín bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Bah Lumlang ní ó dáa, ọjọ́ mẹ́jọ.

Nígbà tí mo délé, Daplin ń nu ewé nídìí iná. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri ilé ìdáná aládùúgbò, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń gbọ́ ohun tí àwọn kò gbọ́dọ̀ bá wa dá sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ bí kwai kan ṣe gùn tó ni?"

"Rárá."

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó gbé ọ̀bẹ kékeré, ó la èso kan sí méjì, ó bó o. Ó mú ewé kan, ó fa ìdí rẹ̀ já, ó fi àtàǹpàkò ra ẹfun sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ká a, ó nà án sí mi. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sẹ́yìn láì wò, ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ òpó tó wà nídìí àdògán, bí ìyá ìyá wa ti máa ń ṣe, bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Òpó náà funfun láti ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé títí lọ sísàlẹ̀.

"Ewé tó tutù báyìí," ló wí, "ẹ má jẹ́ kí Shanbor sọ ọ́ di koríko."

Mo jẹ ẹ́. Mo sì wo aago mi.

Ohun tó bá ti rú mi lójú, n kì í lè fi í sílẹ̀. Ní yunifásítì, mo ti gbàgbé oúnjẹ alẹ́ nítorí ìṣirò kan tó kọ̀ tí kò jáde. Nítorí náà, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo fi aago lé gbogbo ẹni tó bá ń jẹ kwai ní Mawlyngkhoi. Èèyàn méjìlélógún ni mo kọ sílẹ̀. Ẹni tó yá jù jẹ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú méje. Bàbá Phrang, àbúrò ìyá ìyá wa, ló pẹ́ jù: kò ní eyín kankan, inú odó irin kékeré kan ló ti ń gún tirẹ̀ kó tó jù ú sẹ́nu, nígbà tó sì fi máa parí, ó ti gba ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, ó ti sùn lẹ́ẹ̀kan, ó ti jí.

"Ṣé kí n yọ àkókò tí ẹ fi sùn kúrò, Bàbá?"

"Mi ò sùn. Mo ń gbádùn ni. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

Àwọn obìnrin fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà ibi ìfọṣọ. Ọ̀kan ní kí n wá fi aago lé ọkọ òun tó ń han-anrun, kí ìlú lè mọ̀ bí òru ṣe gùn tó. Mo ní màá wá lẹ́yìn ọjọ́ ọjà.

Mo rí i pé jíjókòó wọn ẹnu ò lè yanjú ọ̀rọ̀. Àwọn ìyá náà ní "sókè." Ó yẹ kí n gòkè. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Daplin ká kwai mẹ́wàá fún mi sínú ewé kan, kí ọwọ́ mi má bàa dí nígbà tí mo bá ń kọ̀wé. Mo sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò, mo ju ọ̀kan sẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo ń ka àtẹ̀gùn. Nígbà tó tán, mo ju èkejì sí i lójú ẹsẹ̀, n kò dúró. Ibi tí èkejì ti tán, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Kí n má bàa ṣìṣe, mo tún kọ àwọn ohun tí mo rí lọ́nà sílẹ̀, ohun gbogbo pẹ̀lú nọ́ńbà àtẹ̀gùn rẹ̀: òkúta ìsinmi, ọgbà Shanbor, ìsun omi, àpáta funfun, igi tí ààrá sán. Inú mi dùn sí ìwé náà. Ó mọ́ tónítóní.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gòkè yìí, kwai kejì tán ní àtẹ̀gùn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ogójì. Lọ́jọ́ kejì, ó tán ní ẹgbẹ̀ta ó lé ọgọ́ta, torí pé èso náà gbẹ. Lọ́jọ́ kẹta ìgòkè mi, òjò lé mi, mo sáré jẹun bí ewúrẹ́, ó tán ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Bah Shanbor wà nídìí ọgbà rẹ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn, ó ń so ọparun tó tú. Ó yọ orí lábẹ́ akoto òjò rẹ̀ bí ìjàpá.

"Ọmọ yunifásítì, mélòó ni ẹnu òní?"

"Mi ò tíì ṣírò, Bah Shanbor."

"Èmi ti ṣírò. Ibi tí mo dúró yìí ni. Máa bọ̀ wá jẹ kwai, òjò ń pa ọ́."

Ẹni tó bá fún ọ ní kwai, o ò lè kọ̀ ọ́, ọ̀tá ni tàbí ọ̀rẹ́. Mo dúró lẹ́yìn ọgbà tó fẹ́ fi gba omi wa, mo jẹ kwai rẹ̀, mo sì dúpẹ́. Kwai náà dùn. Ó ká mi lára pé ó dùn.

Ní alẹ́, mo ro nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo pín in sí mẹ́ta. Ó fún mi ní ẹgbẹ̀ta ó dín mẹ́tàlélógún. Ìsun omi wà ní ẹgbẹ̀ta ó dín méjì. Mo tún un ṣírò. Nọ́ńbà kì í tijú ẹni. Ìṣirò ọwọ́ èmi fúnra mi ti fi àtẹ̀gùn mọ́kànlélógún gbé omi wa fún Shanbor.

Mo fi ìwé náà han Daplin. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ pa á rẹ́," ló wí.

"Mi ò ní pa á rẹ́."

"Àwa méjì la rí i."

"Bí mo bá pa á rẹ́, Shanbor á gòkè lọ́jọ́ ọjà, á jẹ kwai méjì, á sì bá nọ́ńbà yẹn níbi tí mo sọ ọ́ nù sí. Ìṣirò náà kò parọ́, Daplin. Èmi ni mo bi í léèrè ohun tí kò yẹ. Ohun kan wà tí n kò tíì kà."

"Kí ni?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n ni, mi ò bá ti kà á."

Ó yínmú, ó sì tún mú ọ̀bẹ. "Mélòó ni kí n ká fún yín lọ́la?"

"Mẹ́wàá."

Mo tún gòkè lọ́jọ́ kẹfà, ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọjọ́ kan. Orúnkún mi wú. Nọ́ńbà náà ń fò síwá sẹ́yìn bí eéṣú. Ní ọjọ́ keje, tí ọjà ku ọ̀la, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dé odò mọ́, mo jókòó ti Bàbá Phrang lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ń gún kwai rẹ̀.

"O ti gòkè tó ìgbà mélòó?"

"Ìgbà mẹ́fà, Bàbá."

"Kí lo gbé lẹ́yìn?"

"N kò gbé nǹkan kan. Ìwé àti kwai tí Daplin ká fún mi."

Ó dá ọmọ odó dúró. "Daplin ká a fún ọ? O wá ń jù ú sẹ́nu bí o ṣe ń rìn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀rín mú un títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ ọba! Ta ló ká kwai fún Silbon? Ìrẹsì àti iyọ̀ ni Silbon ń pọ̀n láti etí odò. Ọ̀já agbọ̀n wà níwájú orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọ̀já mú, àtẹ̀gùn ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Ọwọ́ wo ni yóò fi la èso? Ọwọ́ wo ni yóò fi ra ẹfun? Bó bá dán an wò, òun àti gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á padà sínú odò, láì fẹsẹ̀ rìn."

Mo dìde dúró láì mọ̀ pé mo dìde.

"Bí ti ẹnu rẹ̀ bá wá tán lójú ọ̀nà ńkọ́?"

"Á tán náà ni. Á máa gbé ẹnu òfìfo lọ títí yóò fi rí ibi tí agbọ̀n lè jókòó. Ibẹ̀ ni yóò ti sọ̀ ọ́, tí yóò tún ká òmíràn. Ohun tí à ń pè ní kwai kan nìyẹn. Ibi ìsọ̀kalẹ̀ ẹrù dé ibi ìsọ̀kalẹ̀ ẹrù." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún. "Mo rò pé o mọ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀."

"Àwọn ọkùnrin ọgọ́ta ò sọ̀rọ̀, Bàbá!"

"Àwọn yẹn? Mọ́tò ló ń bá wọn kó ìrẹsì láti òkè lọ́hùn-ún. Àwọn obìnrin ló ṣì ń pọ̀n ọ́n láti odò, ẹ ò sì jẹ́ kí obìnrin sọ̀rọ̀."

"Níbo ni àwọn ibi ìsọ̀kalẹ̀ náà wà?"

"Àkọ́kọ́ ni òkúta ìsinmi, ìwọ náà mọ ìyẹn. Èkejì..." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè. "Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n nígbà náà. Orí mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ogún ọdún tí n kò ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Mi ò rántí pé òkúta kankan wà níbẹ̀."

Mo yẹ ìwé mi wò. Òkúta ìsinmi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ní àtẹ̀gùn ọ̀ọ́dúnrún ó dín méjì. Láti ibẹ̀ dé abúlé, n kò kọ òkúta ìsinmi mìíràn, torí n kò rí òmíràn. Mo bi Daplin léèrè. Ó ní òun kàn máa ń sọ̀ ọ́ níbi tí àwọn tó wà níwájú òun bá ti sọ̀ ọ́. Orí ẹni tó pọn ìrẹsì kì í wòkè.

Mo lọ bá Bah Lumlang lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Mo ní kí gbogbo wa gòkè láti ọjà pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn wa, òun baálẹ̀, èmi, Bah Shanbor, kí àwọn obìnrin náà sì wà láàárín wa, kí a wo ibi tí kwai kejì yóò ti parí. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí pé bí kò bá sí ibi ìsọ̀kalẹ̀ kejì, mo ti fi ẹnu ara mi ta oko àbúrò mi.

Bah Shanbor gbà kí n tó parí ọ̀rọ̀. "Ẹrù kẹ̀! Ẹni tó ru ẹrù kì í yára. Kwai á tán kí ẹsẹ̀ tó dé ibikíbi. Ọmọ yìí fẹ́ràn mi."

Ọjọ́ ọjà, oòrùn mú. A ta ewé, a ra ohun tí a fẹ́ rà. Mo pọn àpò ìrẹsì kan sínú agbọ̀n Daplin, ọ̀já rẹ̀ jẹ iwájú orí mi bí ẹni fi eyín mú mi. Daplin pọn iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ. Bah Lumlang sanra, àmọ́ ó pọn ìrẹsì tirẹ̀, torí ojú ń wò ó. Bah Shanbor pọn àpò kan tó ju tèmi lọ; agídí nìkan kọ́ ló wà nínú ọkùnrin yẹn, agbára náà wà níbẹ̀. A jọ ká kwai létí odò, a jọ jù ú sẹ́nu. Mo rí i tó ń ṣa èso tirẹ̀: ó mú èyí tó tutù, tó rọ̀ bí ẹ̀gẹ́ sísè, èyí tí kì í pẹ́ lẹ́nu.

A gòkè. Orí wa wà nísàlẹ̀, gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú nìkan la ń rí.

Ní òkúta ìsinmi, gbogbo agbọ̀n jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí àṣẹ. Kwai kan nìyẹn. Bah Shanbor gan-an ò jiyàn. Daplin ló ṣí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ká kwai, ó fún baálẹ̀, ó fún mi, ó fún Bah Shanbor. Bah Shanbor wo ti Daplin, èso líle ni, àmọ́ a kì í kọ kwai. Ó gbà á tọwọ́tọwọ́.

"Daplin, o fẹ́ fọ́ mi léyín."

"Ẹ máa rún un díẹ̀díẹ̀, Bah Shanbor. Ọ̀nà ṣì jìn."

A tún pọ̀n. Bah Shanbor rún kwai bí ẹni tó ń bá a jà. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, kàù, kàù, kàù. Nígbà tí a dé àtẹ̀gùn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó tutọ́, ó pariwo.

"Ó ti tán! Baálẹ̀, ó ti tán lẹ́nu mi! Ibí nìyí! Mo tiẹ̀ fi ogún àtẹ̀gùn ta wọ́n lọ́rẹ, ọgbà mi ṣì wà níwájú!"

Bah Lumlang ò yíjú padà. Kò lè yíjú padà. "Ó dáa, Shanbor. Ká òmíràn jẹ."

"Ẹ̀n?"

"Mo ní kí o ká òmíràn jẹ."

Ọwọ́ Bah Shanbor méjèèjì wà lára ọ̀já. Lápá òsì, ọ̀gbun. Lápá ọ̀tún, ẹ̀gún. Obìnrin mẹ́fà tó ru ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bah Shanbor, ẹ máa lọ o!" ni ọ̀kan nínú wọn kígbe. "Ẹ fẹ́ kí á bímọ síbí ni?"

Ó lọ. A kọjá ọgbà ọparun rẹ̀, kò sẹ́ni tó dúró, torí kò sí ibi tí agbọ̀n lè jókòó níbẹ̀. Kwai tèmi náà ti tán. Ẹnu mi gbẹ, òógùn bọ́ sí mi lójú. Mo ń ka àtẹ̀gùn nínú ọkàn mi, mo ń ṣọ́ ibi tí ẹsẹ̀ tó wà níwájú mi yóò ti dúró, mo sì ń sọ fún ẹsẹ̀ tèmi pé kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró. Bí èmi bá dúró, wọ́n á ní mo yan ibẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ọgọ́ta. Ó lé ọgọ́rin. Mo gbọ́ omi. A ti dé ìsun. Mo ní wọ́n á dúró níbẹ̀, kí wọ́n mu omi. Wọn ò dúró. Ilẹ̀ ń yọ̀ níbẹ̀, ẹni tó pọn ẹrù kì í dúró síbi tó ń yọ̀.

Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá sí i, gìgísẹ̀ Bah Lumlang yà sápá ọ̀tún. Mo gbọ́ tí agbọ̀n rẹ̀ gúnlẹ̀. Mo yà tẹ̀ lé e, agbọ̀n tèmi náà jókòó fúnra rẹ̀, ní ìbàdí mi gẹ́lẹ́, sórí etí àpáta kan tó yọ síta lára òkè. Kì í ṣe òkúta tí ẹnikẹ́ni gbé síbẹ̀. Bí òkè ṣe rí ni. Ẹni tí kò pọn nǹkan kan á kọjá níbẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní mọ̀ pé àga ni.

Daplin sọ̀ tirẹ̀, àwọn obìnrin sọ̀ tiwọn. Bah Shanbor nìkan ló dúró pẹ̀lú ẹrù.

"Wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," ló wí, ó ń mí hẹlẹ. "Ó rẹ̀ yín ni ẹ ṣe dúró. Ó rẹ èèyàn níbi gbogbo. Kí ló fi hàn pé ibí ni Drimsi àti Silbon dúró sí?"

Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá péré la fi kọjá omi, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ: ẹsẹ̀ tó rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí.

"A ó sọ ọ́," ni Bah Lumlang wí, ó ń fi etí aṣọ nu ọrùn. "Àmọ́ nísàlẹ̀, kwai ọmọbìnrin yìí la jẹ. Ta ni yóò fún wa ní kwai níbí, Shanbor? Ṣé ọmọdé náà ló tún kàn?"

Ojú ti Bah Shanbor. Ó sọ̀ agbọ̀n rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ àpò kwai rẹ̀. Ó la èso náà dáadáa, èyí tó dára jù; kò lè fi ìkà fún èèyàn ní kwai, ìyá rẹ̀ tọ́ ọ. Ó fa ìdí ewé já, ó fi àtàǹpàkò ra ẹfun sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ká a, ó kọ́kọ́ fún Daplin, ó fún baálẹ̀, ó fún mi.

Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sẹ́yìn láì wò, ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ àpáta.

Bah Lumlang ò tíì ju tirẹ̀ sẹ́nu. Ó ń wo ibi tí àtàǹpàkò náà balẹ̀ sí. Ó dìde, ó súnmọ́ ọn, ó fi èékánná họ ọ́. Èèpo funfun kan bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó nípọn tó ìka méjì, ìpele lórí ìpele, ojú àtàǹpàkò lórí ojú àtàǹpàkò, àwọn mìíràn kéré bíi ti obìnrin. Lábẹ́ ibi tó ti bọ́, àpáta náà dúdú.

Gbogbo etí àpáta náà ló funfun bẹ́ẹ̀, láti ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé títí lọ sísàlẹ̀.

Bah Shanbor gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè, ó wò ó. Daplin bú sẹ́kún, ó sì ń rún kwai Bah Shanbor.

Èmi ṣí ìwé mi. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ kẹta, ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ́ tónítóní: àtẹ̀gùn ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá, àpáta funfun.